Òkúta Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀ Lórí Òkè Ìdánwò

Ilé Ẹ̀kọ́ Ìwakọ̀ Iwájú Ni Tiwa,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Kabba,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Ìdánwò Awakọ̀,
Kabba,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ FAGI LÉ ÀBÁJÁDE ÌDÁNWÒ ARÁBÌNRIN RHODA FẸ̀HÌNTỌLÁ, ÀTI Ẹ̀SÙN TÍ MO FI KAN ARA MI

1. Mo kí yín okun gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, mo sì kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Orúkọ mi ni Jethro Ọmọ́yẹlé, ọmọ Ògìdì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà ní Kabba, ọ́fíìsì yín ló sì fún mi ní ìwé àṣẹ tí mo fi ń ṣe é. Ẹ ó rí ìwé àṣẹ náà nínú àpòòwé yìí, ojúlówó, kì í ṣe ẹ̀dà. Ìdí tí mo fi dá a padà yóò yé yín tí ẹ bá kà dé ìsàlẹ̀.

2. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ọ́fíìsì yín kọ ọ́ sínú ìwé pé Arábìnrin Rhoda Fẹ̀hìntọlá láti Iffe kò yege nínú ìdánwò ìwakọ̀, nítorí pé ọkọ̀ sún sẹ́yìn nígbà tó fẹ́ gbéra lórí òkè. Ọkọ̀ sún sẹ́yìn lóòótọ́. Rhoda kọ́ ló fà á, èmi ni. Ní ọjọ́ kan náà, lórí òkè kan náà, ẹ kọ ọ́ pé ọmọ mi obìnrin, Gift Ọmọ́yẹlé, yege. Kò yege. Èmi náà ni mo fa ìyẹn.

3. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ kánjúkánjú. Obìnrin mọ́kànlélógún ló wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń ṣe gaàrí ní Iffe. Awakọ̀ tí wọ́n ń háyà tẹ́lẹ̀ a máa já wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó bá ti rí ẹrù tó sàn ju tiwọn lọ, wọ́n á wá jókòó ti àpò gaàrí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan ní oṣù Kìíní, tí wọ́n sì ní ọ̀kan nínú wọn ni yóò máa wà á. Rhoda ni wọ́n yàn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀, oko tó ní kò sì ju ẹ̀yìnkùlé lọ. Ní ìpàdé wọn ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, tí Rhoda kò bá ní ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́, wọn yóò gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọkùnrin kan tí wọ́n fẹ́ háyà. Òfin yín sì ni pé ẹni tó bá ṣubú lórí òkè kò gbọdọ̀ padà wá kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó pé. Tó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án, kò ní sí ọkọ̀ tí yóò wà mọ́.

4. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú awakọ̀ tó jẹ́. Bí mo ṣe ń kọ́ ènìyàn láti gbéra lórí òkè nìyí, ẹ má bínú pé mò ń ṣe tíṣà fún yín. Mo máa ń kó agolo mílíìkì tó ti ṣófo dání. Tí ọmọ ẹ̀kọ́ bá ti dá ọkọ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó sì ti fa bíréèkì ọwọ́, màá sọ̀ kalẹ̀, màá fi agolo kan sí ẹ̀yìn táyà, kò ní ju ìka méjì sí i lọ. Yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò ki jíà kìíní, yóò tẹ tọ́tù díẹ̀ kí ohùn ẹ́ńjìnnì lè ròkè. Lẹ́yìn náà ni yóò máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí imú ọkọ̀ yóò fi fẹ́ gbé sókè tí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò sì wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ já bíréèkì ọwọ́. Ẹni tó bá kánjú, agolo á di pẹlẹbẹ. Agolo kì í purọ́, kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

5. Rhoda tẹ agolo mẹ́rin pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti méjì lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ kẹta, agolo kan ṣoṣo ni mo lò fún un títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi pé. Agolo náà wà nínú àpò tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ yí i wò, kò tẹ̀ níbì kankan. Láti Iffe ló ti ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, òórùn èéfín gaàrí ṣì máa ń wà lára aṣọ rẹ̀ nígbà mìíràn, kò sì pẹ́ dé rí. Mo ti kọ́ ọkùnrin alágbára tí kò mọ òkè gùn tó Rhoda. Ní ti Gift, n kò ka iye agolo tó tẹ̀ pa.

6. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni Gift. Ọlọgbọ́n ọmọ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òkè ń bà á, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti ṣubú lórí òkè yín kí oṣù yìí tó dé. Nígbà kejì, ìròyìn ti dé ibùdókọ̀ kí n tó délé. Àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ní àwọn rò pé iwájú ni tiwa, àṣé ẹ̀yìn ni ti ọmọ tíṣà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun. Láàárín oṣù yẹn, ènìyàn méjì tó fẹ́ wá kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Mo kọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìfẹ́ ọmọ ló sún mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ìtìjú ara mi ni. Mo fẹ́ kí wọ́n yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

7. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní agbègbè wa yìí, kò sí awakọ̀ tó ń dá ọkọ̀ dúró sórí òkè tí kì í fi òkúta há táyà. Bàbá mi wa lọ́rì tó ń kó kọfí ní Ògìdì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì fọkàn tán bíréèkì kankan títí ó fi kú. Ó ní ènìyàn ló ṣe bíréèkì, Ọlọ́run ló ṣe òkúta. Òkúta tó ń lò ló fi sílẹ̀ fún mi, ó pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà, inú búùtù ọkọ̀ mi ló sì máa ń wà. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fi òkúta há ọkọ̀ tó dúró. Mo ti ṣe é fún ogójì ọdún láìronú. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún mi láti sọ fún ara mi pé ohun kan náà ni mo tún ń ṣe.

8. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó dé, mo lọ sí òkè tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì yín. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀, òjò ọjọ́ tó ṣáájú sì ti jẹ́ kó dẹ̀. Mo mọ̀ pé Gift kì í dúró sórí ilà funfun tí ẹ fà síbẹ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá rẹ̀. Mo wọn ibi tí táyà ẹ̀yìn yóò wà tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀, mo ri òkúta náà mọ́lẹ̀. Mo jẹ́ kí ó yọ sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gift kò mọ̀ sí i. N kò sọ fún ìyàwó mi pàápàá.

9. Ọkọ̀ mi ni àwọn méjèèjì fi ṣe ìdánwò, Gift ló sì kọ́kọ́ gun òkè. Ọ̀gbẹ́ni Philip Ọlọ́runlékè, òṣìṣẹ́ yín tó ń dán wọn wò, jókòó tì í nínú ọkọ̀. Gift kọjá ilà bí mo ti mọ̀ ọ́n. Táyà gun òkúta, ó sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tó já bíréèkì ọwọ́, kílọ́ọ̀ṣì kò tíì mú rárá, etí mi gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ fẹ́ sún, òkúta kò jẹ́. Ó gbéra, ó lọ. Mo rí i tí Ọ̀gbẹ́ni Philip mi orí pé ó dára, tó kọ nǹkan sínú ìwé. N kò fẹ́ kí ẹ bá a wí. Ohun tó rí ló kọ, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kò lè rí ẹ̀yìn táyà.

10. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó kan Rhoda. Mo ní àkókò láti yọ òkúta náà. Mo sọ fún ara mi pé kò ní pa á lára, pé ó tilẹ̀ lè ran òun náà lọ́wọ́. Mo tún sọ pé tí mo bá yọ ọ́, ihò ni yóò kù síbẹ̀. Irọ́ ni méjèèjì. Ènìyàn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á rí mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

11. Rhoda dúró sórí ilà. Mo ní sórí ilà gan-an, kò kọjá, kò sì dín, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ. Ohun tó sì bà á jẹ́ nìyẹn. Táyà rẹ̀ kò dé iwájú òkúta, orí òkúta ló dúró lé. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó ki jíà, ó dúró de kílọ́ọ̀ṣì kí ó mú. Mo gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ bí ó ti yẹ. Nígbà tó wá já bíréèkì, òkúta yí nínú ilẹ̀ tó dẹ̀, táyà yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ọkọ̀ sì sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Lójú ẹsẹ̀ ló gbá a mú tó sì gun òkè náà lọ geere. Tí ó bá jẹ́ Gift ni, inú kòtò ni à bá ti lọ gbé e. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, ọkọ̀ ti sún, òṣìṣẹ́ yín sì kọ ọ́ sílẹ̀.

12. Èyí tó kàn yìí ló ṣòro fún mi jù láti kọ. Rhoda sọ̀ kalẹ̀, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Kò sunkún. Ó kan bi mí léèrè ohun tí òun ṣe tí kò dára. Mo dá a lóhùn pé ó kánjú tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ènìyàn lè pe òkúta tí mo rì ní ìwà òmùgọ̀, n kò ní bá a jiyàn. Èyí, ìkà ni. Mo wo ojú ẹni tí kò ṣe àṣìṣe, mo sì gbé àṣìṣe lé e lọ́wọ́.

13. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé gaàrí tó kún abọ́ ìwọ̀n mudù mẹ́ta àti ìgò epo pupa kan wá sílé mi, ó ní kí n má bínú pé òun dójú ti tíṣà. Gaàrí náà ṣì wà ní igun yàrá títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìyàwó mi bi mí ìdí tí n kò fi jẹ́ kí òun dà á sínú ike. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé Rhoda ti lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa wá ẹlòmíràn, pé ẹsẹ̀ òun kò ṣe é fọkàn tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló gbé lọ fún wọn.

14. N kò ní sọ pé n kò ní àǹfààní láti tètè jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá sí ọ́fíìsì yín. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, nígbà tí akọ̀wé yín bi mí ohun tí mo wá ṣe, mo ní fọ́ọ̀mù ni mo wá gbà. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo lọ. Ní ọjọ́ kejìlá, mo wá jókòó láti kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn. Mo kọ ọ́ pé òkè yín ga jù, pé ilẹ̀ rẹ̀ kò dára, pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ pọ̀ jù fún àṣìṣe kan ṣoṣo. Ojú ìwé méjì ni. Gbogbo àpọ́nlé àti gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tí mo mọ̀ ló wà níbẹ̀, òkúta nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo ṣì rò pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kí ó sọ ọ́. Mo ya ìwé náà.

15. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Gift gbé ọkọ̀ mi lọ sí Ògìdì láti lọ kí ìyá mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún. Ó ní ìwé tí ẹ fún un lọ́wọ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi dá a dúró? Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé wa wà. Nígbà tó fẹ́ máa bọ̀, ó gbìyànjú láti gbéra, ọkọ̀ sì sún sẹ́yìn. Ó wó ògiri ilé ìdáná, ó sì fọ́ àpótí tí ìyá mi ti jókòó ṣa ẹ̀wà lórí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti lọ mú iyọ̀ nínú ilé ni. Tí kì í bá ṣe iyọ̀ yẹn, irú lẹ́tà mìíràn ni ẹ̀ bá máa kà.

16. Gift pè mí lórí fóònù. Ó ní lọ́jọ́ ìdánwò, ọkọ̀ yìí dúró fún òun, kí ló dé tí kò dúró lónìí? Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún. Nígbà tó délé, mo jókòó tì í, mo sì sọ fún un. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ìwé tí ẹ fún un sórí tábìlì mi, ó ní kí n dá a padà fún àwọn tó ni ín, pé tí òun bá tún máa gun òkè yín, kí n jìnnà síbẹ̀. Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú tèmi.

17. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fagi lé ohun tí ẹ kọ nípa Rhoda Fẹ̀hìntọlá, kí ẹ sì pè é padà kí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tó pé. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni kí ó lò, kí ẹ má sì jẹ́ kí n wà nítòsí. Ẹ fagi lé ti Gift náà. Ní ti ìwé àṣẹ mi, n kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ ṣe bí òfin ṣe wí, tí ẹ bá sì ní àgọ́ ọlọ́pàá ni kí n lọ, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òkúta náà wà nínú àpò pẹ̀lú agolo Rhoda. Ọjọ́ kejì ìdánwò ni mo lọ yọ ọ́, ihò rẹ̀ kò tíì dí, Ọ̀gbẹ́ni Philip lè lọ fi òkúta wọ̀n ọ́n wò. Tí ẹ kò bá sì ní bínú sí ìmọ̀ràn ẹni tó jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ ẹ̀yìn táyà wò kí ó tó wọlé jókòó. Kì í ṣe èmi nìkan ni bàbá ọmọ ní Kabba.

18. Ó ku ohun kan, òun ló sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n kàn wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì yín. Ní àná, ọjọ́rú, mo lọ sí Iffe. Mo bá Rhoda níbi tó ti ń yan gaàrí, òun àti Ìyá Ìdùnnúolúwa tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, ọjọ́ orí mi kò sì dí mi lọ́wọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ìyá Ìdùnnúolúwa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, gbogbo rẹ̀ ló tọ́ sí mi. Ó ní àwọn kò lè sún ọjọ́ ìpàdé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan, pé ìwé ni àwọn yóò wò.

19. Rhoda kò bú mi. Ó bi mí bóyá kì í ṣe ẹsẹ̀ òun. Mo ní kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún bi mí, mo tún sọ ọ́. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí, eérú wà lára rẹ̀. Ó wá ní ẹnu mi yìí kan náà ló sọ fún òun lọ́jọ́ ìdánwò pé ẹsẹ̀ òun gbọ̀n, òun sì gbà á gbọ́, òun kò wá mọ èyí tí òun yóò gbà mọ́ nínú méjèèjì. Ó padà sídìí gaàrí rẹ̀.

20. Nítorí náà, bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè ṣe èyí tó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ gbólóhùn kan sí Rhoda Fẹ̀hìntọlá ní Iffe. Kí ó wà lórí ìwé ọ́fíìsì yín, kí ẹ sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n. Èmi ti sọ ọ́, kò sì gbà mí gbọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, ẹni tó ri òkúta náà mọ́lẹ̀,

Jethro Ọmọ́yẹlé
Olùkọ́ ọkọ̀ wíwà, títí di òní.